Ọ̀rọ̀ Màmá Níwájú Ògiri

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ní gbọ̀ngàn àfihàn, olùwòran kan yin iṣẹ́ ọnà Ìbídùn, iná àwọ̀ ewé tàn lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Èkejì bú u, iná pupa tàn. Ẹnu ẹnìkẹta ni etí ẹ̀rọ tó wà lára ògiri ń dúró dè kó tó dájọ́ bóyá iṣẹ́ náà yóò dúró tàbí wọn yóò gbé e kúrò. Ìyá Ìbídùn ló wọlé.

Màmá dúró níwájú ilé kékeré tí ọmọ rẹ̀ fi páànù tó ti dípẹtà kọ́, tó jọ ilé wọn gan-an tí omíyalé gbé lọ. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, omijé sì lé ròrò sí i lójú.

"Ó mà ṣe o," ló wí.

Iná pupa tàn. Ohun tí etí náà rí kọ sílẹ̀ ni pé àánú ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ burúkú báyìí ló ṣe Màmá. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu Ìbídùn, àmọ́ ṣe ló gbé e mì, torí oníṣẹ́ ọnà tó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ olùwòran kò ní ṣàfihàn mọ́ láyé. Àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n gbé ilé náà lọ.

Màmá nu ojú. "Ṣé wọ́n ti rà á ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dára gan-an," ni Màmá wí níwájú ògiri òfìfo.

Iná àwọ̀ ewé tàn.