Ihò Tí Harlan Fi Fóòmù Dí

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ to ínfátà àti bátìrì sínú yàrá tí ẹ ń sùn. Mo ti ń gbé inú ilé onítáyà kiri aṣálẹ̀ Arizona títí irùngbọ̀n mi fi funfun, n kò sì tíì rí ohun tó ń jó ilé èèyàn bí etí dídi.

1.
Nígbà tí Harlan fẹ̀yìn tì, òun àti Lorna ìyàwó rẹ̀ ta ilé wọn ní Ohio. Wọ́n ra ilé onítáyà kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ wọ́ kiri, wọ́n sì wá bá wa ní Quartzsite, níbi tí àwa arúgbó tó ń sá fún yìnyín máa ń dó sí nígbà òtútù. Ilé yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé. Ohun kan ṣoṣo ni Lorna bẹ̀bẹ̀ fún: iná tí yóò máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láìsí ariwo jẹnẹrétọ̀, kó lè máa rán kúbùsù alábùlẹ̀ rẹ̀.

Harlan gbọ́ tirẹ̀. Ó to sólà sórí òrùlé, ó ra ínfátà, ó ra bátìrì mẹ́rin, irú èyí tó ní ásíìdì nínú tí wọ́n ń bu omi sí. Ó kó wọn sábẹ́ ibùsùn nítorí olè, ó sì lu ihò méjì sára ògiri kí wọ́n lè máa mí gáàsì wọn síta. Títí débẹ̀, iṣẹ́ gidi ni.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ oṣù kìíní dé, ó ń fẹ́ iyanrìn àti òtútù gba inú ihò wọlé. Harlan fi fóòmù dí méjèèjì. Ramona, opó tó dó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, rí i.

"Harlan, àwọn bátìrì yẹn á fẹ́ mí o."

"Ramona, iṣẹ́ iná ilé ni mo fi tọ́ ọmọ. Iná bátìrì kò lè pa eèrà."

Ramona ní kò burú, òun á bá a sọ fún àwọn eèrà.

2.
Kò pẹ́ tí ilé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ládùúgbò tiwa, bí nǹkan bá ti rùn, ibi kan ṣoṣo lojú gbogbo èèyàn ń lọ: táǹkì ìgbẹ́ tó wà lábẹ́ ilé. Kò sí ẹni tí táǹkì kò dójú tì rí nínú wa. Harlan wọ́ ilé lọ síbi tí a ti ń dà á, ó fọ̀ ọ́, ó da oògùn sí i. Òórùn kò lọ. Ó tún da oògùn mìíràn, òórùn ń gbilẹ̀ ni.

Ló bá kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Omi kì í pọ̀ lọ́wọ́ wa níbí, gbogbo wa la ń ṣún un lò, ó sì ní ti Lorna ti di ahun, pé omi tó ń dà tẹ̀lé ìgbẹ́ kò tó. Níbi tí a ti ń mu kọfí ló ti sọ ọ́, lójú gbogbo wa.

Lorna fi sùúrù sọ fún un pé ìgbà tóun bá gbórí lé ìrọ̀rí gan-an lòórùn náà ń le, kì í ṣe nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Harlan ní imú rẹ̀ ló ń tàn án jẹ.

Láti ọjọ́ náà, Lorna kò lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Láràárọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ nílé epo tó wà létí títì. Ajá wọn, Bísíkíìtì, tó máa ń sùn nídìí ibùsùn, kó tirẹ̀ lọ sábẹ́ àga Ramona.

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lorna ń ránṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ kékeré ara ògiri, èyí tó ń kìlọ̀ bí gáàsì bá jò, figbe ta. Harlan yẹ sítóòfù wò, gáàsì kò jò. Àwàdà wa ni pé bí ajá bá só, ẹ̀rọ yẹn á ké. Harlan ní ajá ló só.

Lorna ní, "Ajá wo? Èyí tó ti kó jáde?"

Harlan bá dìde. Ó yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, aládùúgbò sọ̀rọ̀, ìyàwó sọ̀rọ̀, ajá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ẹ̀rọ tí kò lẹ́mìí pàápàá figbe ta. Ta ló tún kù?

4.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ínfátà kú. Lorna ti lọ sílé epo. Harlan gbé pákó ibùsùn sókè, ó rí i pé bátìrì kan ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ó gbóná janjan, oòrùn sì ṣì ń ti iná sí i láti orí òrùlé. Kò ṣí fèrèsé. Kò pa sólà. Ó ki sípánà bọ orí wáyà, iná sì ṣẹ́ pàrà sínú gáàsì tó ti kún abẹ́ ibùsùn.

Ramona rò pé táyà ọkọ̀ ńlá ló bẹ́. Òun ló fa Harlan jáde, tó da gbogbo omi mímu tó ní lé e lójú, nítorí ásíìdì ń jẹ ẹ́. Nígbà tí Lorna fi yọ lọ́nà, ẹ̀rọ ìránṣọ, kúbùsù, ilé, gbogbo rẹ̀ ti di èéfín. Ká ní ó lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yẹn ni, òkú rẹ̀ là bá máa sọ.

Ojú òsì Harlan kò ríran mọ́. Nílé ìwòsàn, ó ń ráhùn pé bátìrì tí wọ́n tà fóun kò dáa. Lorna jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Harlan," ó ní, "omi tí mo ń dà tó."

Nígbà tí àbúrò Lorna wá mú un lọ sí Ohio, ó bá a lọ. Harlan ṣì wà lọ́dọ̀ wa, nínú àgọ́ aláṣọ. Bí nǹkan bá rùn báyìí, òun ló kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ ọ́ pé, "Níbo lo ti gbọ́ òórùn ẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi. Ẹ má ṣe bá bátìrì olómi sun yàrá kan náà. Ẹ má dí ihò tó ń gbà mí, bó ti wù kí òtútù mú tó. Bí ẹ bá gbóòórùn ẹyin bíbàjẹ́, tàbí tí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ bá ké, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jáde, ẹ má fọwọ́ kan wáyà kankan. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tí ẹ jọ ń sùn bá sì sọ ibi tí nǹkan ti ń rùn, ẹ tẹríba kẹ́ ẹ wo ibẹ̀. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.