Ẹni Tó Kúnlẹ̀ Lójú Fèrèsé

Ìyá Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú àjèjì yìí ni.

Ó ti wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ti nulẹ̀, ó wá dúró lójú fèrèsé.

Gbogbo ayé ń sáré kọjá nísàlẹ̀, ẹnìkan ò kí ẹnìkan. Àbí wọ́n ń bára wọn jà ni?

Lójijì, ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ kí i nínú ilé òdìkejì. Orí rẹ̀ nìkan ló kù lójú fèrèsé.

"Yéè! Ọmọ wa nìyí!"

Ó fọwọ́ pè é pé kó máa bọ̀.

Ọmọbìnrin náà nawọ́ sí ilẹ̀kùn, ó yí ọwọ́ bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́: wọ́n tì í mọ́lé.

Ìyá Aránṣọ náà rọra yí ọwọ́ tiẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ dún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn láti ìta.

"Mọ́ọ̀mi, kí lẹ̀ ń ṣe lójú fèrèsé?"

"Kò sí nǹkan," ló fi dá àkọ́bí rẹ̀ lóhùn, ẹni tí Ìyá Aránṣọ torí ẹ̀ ta maṣínì ìránṣọ rẹ̀ láti fi rán an wá sí ìlú yìí.