Àpò Ẹ̀bẹ̀

"Màámi, ẹ ṣáà bẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti kan títì, màá fojú ẹ̀ rí màbo."

Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ kafíńtà di bẹ́líìtì mú nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà tí wọ́n gbé wá láti Ìjàgbó. Nàfísàt ìyàwó rẹ̀ ti sá wọ ilé ààbò àwọn obìnrin ní Ọ̀fà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọkùnrin wọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ti géètì mọ́ ìyá ọkọ tó wá bẹ̀bẹ̀?

"Àpò ńlá yìí wá ńkọ́?"

"Ẹ̀bẹ̀ kì í lọ lọ́wọ́ òfo," ni Màámi wí.

Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi gbé e wọlé. Ọwọ́ òsì ń dùn ún láti ọjọ́ tí kafíńtà náà ń fi ẹsẹ̀ àga lu Nàfísàt, tí Màámi bọ́ sáàárín wọn.

Nígbà tó yá tí géètì tún ṣí díẹ̀, kafíńtà náà bẹ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Màámi nìkan ló dúró níbẹ̀.

"Nàfísàt dà?"

"Ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún mi."

"Màámi, ẹ má bá mi ṣeré!"

"Eré kọ́. O ní Nàfísàt kò lẹ́lẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí ẹ̀ ti dé. Èmi tí mo bí ẹ náà ni màá fà ẹ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

Géètì padé gbàgà. Kafíńtà náà fi ojú sí ihò tó wà lára géètì. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Nàfísàt ń kó aṣọ Màámi àti ẹní ìkírun jáde nínú àpò. Ó wá gbé ohun kan tí wọ́n fi ìborùn wé bí ọmọ tuntun, ó tú u. Ẹsẹ̀ àga náà ni, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i lára.