Ìpè Tó Ń Dààmú Ìyá Aránṣọ

Ìyá aránṣọ tún ti dé. Akọ̀wé rí i láti ojú fèrèsé, ó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Akọ̀wé gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ni akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́. Bí ìpè tí ẹ kò fẹ́ bá ń yọ yín lẹ́nu, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò ní kí ẹ lọ. Yóò gbọ́ ẹjọ́ yín, yóò ní ẹ pẹ̀lẹ́, yóò ní àwọn á wò ó. Wọn kì í wò ó. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn ún. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ kú sí i. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tó ń báni kẹ́dùn. Ọkàn rẹ̀ ti lọ sílé tipẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ṣé ẹ ti mọ ibi tí wọ́n ti ń pè mí?"

"A ṣì ń wò ó, mà."

"Ẹ ń wò ó." Ìyá jókòó sórí àga onírin tó ti di tirẹ̀. "Ojú á mà ti máa dùn yín o."

Obìnrin tó wà nídìí tábìlì kejì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ìpè náà kì í ṣe tuntun. Ẹ̀rọ ló ń pè, ohùn obìnrin kan ni wọ́n ń gbà sínú rẹ̀ ní ọ̀tun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ohun tó sọ, ọ̀rọ̀ dídùn ni àwọn gbájú-ẹ̀ yóò fi gba owó ọwọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí ẹ̀rọ náà kì í pè nílùú. Àwọn yòókù a gé e, wọn a ṣẹ́ èpè, wọn a gbàgbé. Ìyá aránṣọ nìkan ni kò yéé wá.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù dún nínú báàgì rẹ̀. Ó yára yọ ọ́, ó gbé e lé orí tábìlì, ohùn náà sì jáde ketekete.

"Ẹ kú oríire o! Nọ́ńbà yín ti jẹ ẹ̀bùn ńlá. Ẹ tẹ oókan…"

Akọ̀wé na ọwọ́ láti gé e. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jẹ́ kó parí."

Ó parí. Ìyá ṣì ń wo fóònù náà.

"Ọ̀fìnkìn ń ṣe é," ló wí.

"Ẹ̀rọ ni, mà. Ọ̀fìnkìn kì í mú ẹ̀rọ."

"Ẹni tó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ńkọ́?"

Akọ̀wé fa fóònù náà mọ́ra. Ó ní òun lè bá a dí ìpè náà lórí fóònù rẹ̀. Ìyá kò gbà. Akọ̀wé ní kó pààrọ̀ nọ́ńbà. Ìyá ní nọ́ńbà tí àwọn ọmọ òun mọ̀ sórí nìyẹn.

"Tí ẹ bá wá rí wọn," ìyá bèèrè, "kí lẹ máa fi wọ́n ṣe?"

"Ọlọ́pàá á kó gbogbo wọn pátá, mà, títí kan ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni."

Ó rò pé èyí á tù ú nínú. Ìyá ká téèpù mọ́ ìka, ó tú u, ó tún ká a. Nígbà tó dìde, kò dágbére.

Ọ̀gá pe akọ̀wé sínú yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Ìyá yẹn á kú sí wa lọ́rùn níbí."

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, sà?"

"Ohunkóhun tó bá ṣáà máa jẹ́ kó jókòó sílé."

Akọ̀wé padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ó rántí bí ìyá ṣe ń fi ọwọ́ di irin àtẹ̀gùn mú, tó ń sinmi kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ó gbé tẹlifóònù. Ó pe àwọn ilé iṣẹ́ tó ni ìlà tẹlifóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kó dúró, orin ń kọ sí i létí, wọ́n jù ú láti ọ̀dọ̀ ẹni kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ó bẹ ọ̀kan, ó bú ọ̀kan. Níkẹyìn, wọ́n rí ibi tí ìpè náà ti ń wá: ilé alájà kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Wọ́n gé gbogbo ìlà ilé náà lójú ẹsẹ̀.

Òun àti ọlọ́pàá ni wọ́n jọ lọ. Ilé ti ṣófo. Matírẹ́ẹ̀sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ti kan fèrèsé pa, ìta sì ni àgádágodo ilẹ̀kùn wà. Akọ̀wé wo gbogbo rẹ̀. Ebi ń pa á.

Nígbà tí ìyá aránṣọ tún dé, akọ̀wé kò jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mà, ó ti parí! Ẹ ò ní gbọ́ ohùn yẹn mọ́ láéláé."

Ìyá di irin mú. "Ẹ rí wọn?"

"Wọ́n ti sá ká tó dé. Ìlà tí a gé ló ta wọ́n lólobó, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ẹ ti bọ́."

Ó dúró de àdúrà. Ìyá jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ ò tiẹ̀ wúre fún mi, mà."

"Ọmọ mi obìnrin ni," ìyá aránṣọ wí, "ó ní òun ń wá iṣẹ́ lọ, ọdún kẹta rèé, ohùn yẹn nìkan la fi mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè, ẹ̀rù ló sì bà mí pé bí mo bá sọ, ẹ máa mú un mọ́ àwọn olè."