Obìnrin Tó Wá Kọ́ Kíróṣè Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí Safurat ti ń retí àlejò náà. Philip, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló sọ fún un lórí fóònù pé àwọn ẹbí òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè rán ẹnì kan wá ṣèwádìí rẹ̀ nígbàkigbà, wọn ò sì ní í sọ ẹni tó máa jẹ́. Ìdílé kan ti ṣèwádìí Safurat rí, wọ́n sì padà lẹ́yìn rẹ̀ láìsọ ìdí. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún báyìí. Bí Philip náà bá tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò mọ ojú tó máa fi wo ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tó ti ń fi òwú hun fìlà àti aṣọ ọmọ ọwọ́. Obìnrin náà ò tíì tó ogójì ọdún. Ó ní òun fẹ́ kọ́ kíróṣè, Ògbómọ̀ṣọ́ lòun ti wá.

Àyà Safurat já. Ta ló máa ń wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kọ́ kíróṣè l'Ọ́yọ̀ọ́? Waliyat, aránṣọ tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù, sọ̀rọ̀ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́: "Àwọn rèé o! Yáa kúnlẹ̀!"

Safurat kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi tútù fún un, ó wá kó òwú funfun àti abẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ lẹ́nu kalẹ̀. Irú léèsì oníhò tó rọrùn jù ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣe ṣéènì méjì, ìyẹn ojú òwú tó so kọ́ra, ẹ fo ojú méjì, kẹ́ ẹ wá ki abẹ́rẹ́ bọ ìkẹta. Ibi tẹ́ ẹ fò yẹn ló máa di ihò. Àwọn ihò yẹn lẹwà ẹ̀."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀. Ó fún òwú náà mọ́wọ́ débi pé ihò kankan ò hàn.

"Ẹ dẹwọ́ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo gbọ́ pé o ti lẹ́ni tó fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Philip ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni."

"Látìgbà wo?"

"Ó máa pé ọdún kan ààbọ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

Òwú já. Obìnrin náà tọrọ gáfárà, Safurat bá a so ó. Ọkàn Safurat ò balẹ̀ rárá. Ó ti múra láti dáhùn nípa bàbá rẹ̀, nípa àìsàn inú ẹbí, nípa àwọn tó padà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin yìí ò béèrè ìkankan nínú wọn.

"Ọjọ́ wo ló máa ń wá?"

"Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀ mà. Iṣẹ́ ló ń gbé e wá sí Ọ̀yọ́. Mo máa ń se ẹ̀wà dè é, ṣùgbọ́n mi ò kì í fi ata sí i."

"Ọgbẹ́ inú," obìnrin náà ní. Kò gbójú sókè.

Ara ilé ni lóòótọ́! Inú Safurat dùn, ẹ̀rù sì bà á.

"Ṣé ó ti wá rí bàbá ẹ?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì mà. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló ń dá ìyá òun dúró, torí Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, Mùsùlùmí sì ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní torí ẹ̀sìn bá wọn jà láéláé. Mo fẹ́ràn ọmọ yín gan-an ni."

Obìnrin náà dáwọ́ dúró. Ó tú gbogbo èyí tó ti ṣe ká, ó tún bẹ̀rẹ̀. Waliyat pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa, alátojúbọ̀ lásán-làsàn.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, léèsì náà ti tó àtẹ́lẹwọ́, ihò rẹ̀ sì hàn kedere. Obìnrin náà gbé e sórí tábìlì, ó dìde.

Safurat ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé wọ́n rán yín ni. Kí lẹ máa lọ sọ fún wọn nílé? Ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ."

Obìnrin náà fọwọ́ méjèèjì fà á dìde. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Safurat," ó ní. "Èmi ni mo rán ara mi, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ̀ pé ọdún kẹjọ rèé tí Philip ti gbé mi níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àṣé ìwọ náà ò mọ̀."