Mo-ti-mọ̀-ọ́n àti Fáìlì Ẹ̀tù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé òpin, ẹ̀jẹ̀ ló fi parí.

1. Ọ̀gá kọ̀ǹpútà kan wà níbi ìfọ́kúta. Mo-ti-mọ̀-ọ́n ni wọ́n ń pè é, torí ẹ ò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tí á fi ní òun ti mọ̀ ọ́n. Àwọn akọ̀wé ń lo kọ̀ǹpútà Windows, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ń lo UNIX, oríṣi mìíràn tí ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní kó ṣètò kọ̀ǹpútà ńlá kan tí fáìlì gbogbo wọn yóò máa gbé inú rẹ̀, títí kan fáìlì aago tí wọ́n máa yin ẹ̀tù sí àpáta. Ó tún pàṣẹ pé fáìlì yẹn nìkan ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé, kò sí pé à ń pera ẹni lórí fóònù mọ́. Bẹ́ẹ̀, inú kòtò náà ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń gbẹ́ ihò ẹ̀tù.

2. Obìnrin awọnlẹ̀ kan tọ̀ ọ́ lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Bí akọ̀wé bá ṣí fáìlì, ṣé á tì mọ́ mi níbi tèmi, àbí àwa méjèèjì á jọ máa kọ ọ́?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Ọjọ́ kan péré ni mo ń bẹ̀ yín."

"Màmá, ẹ lọ wọn ilẹ̀ yín!"

Kò dán nǹkan kan wò. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

3. Lọ́jọ́bọ̀, akọ̀wé ṣí fáìlì ẹ̀tù láàárọ̀, aago méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sì pa á dé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjì lù, awọnlẹ̀ rí i pé èèyàn ṣì wà nínú kòtò. Òun náà ṣí fáìlì náà, kò sí ohun tó dá a dúró. Ó kọ ọ́ pé: "Ó di aago mẹ́rin." Kò pẹ́, akọ̀wé tún orúkọ kan ṣe nínú èyí tó ti ṣí láti àárọ̀, ó sì fi í pamọ́. Bí tiẹ̀ ṣe pa ti awọnlẹ̀ rẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń yin ẹ̀tù wo fáìlì, aago méjì ló rí. Ó yìn ín.

Òkúta fọ́ ọkùnrin kan lórí, ó gé apá òmíràn dànù. Wọ́n wú àbúrò ọ̀gá jáde, àyà rẹ̀ ti fọ́, ẹ̀jẹ̀ ń tú lẹ́nu rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ta ló ní kí wọ́n yìn ín?"

Bó ṣe bi ọ̀gá bẹ́ẹ̀ tán ló kú.

4. Àwọn òṣìṣẹ́ fi òòlù fọ́ kọ̀ǹpútà náà túútúú, wọ́n wá kọjú sí ọ̀gá. Wọ́n lù ú títí eyín rẹ̀ fi ń já bọ́. Awọnlẹ̀ yẹn náà ló fara bò ó. Ìgbà tí ìyá ọ̀gá dé, ó gbá ọmọ rẹ̀ létí.

"O ti mọ̀ ọ́n, àbí? Ó yá, sọ ibi tí àbúrò rẹ wà fún mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń so ẹ̀rọ oríṣi méjì pọ̀, ẹ dán an wò lọ́tùn-ún lósì kí ẹ tó fi ẹ̀mí èèyàn lé e lọ́wọ́. Ẹni tí yóò lò ó bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ gbọ́ tiẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.