Òfin Ẹni Tó Gbé Àsíá

Nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìgbín. Mọ́kànlá ni wọ́n, yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbé àsíá níwájú wọn. Èyí tó yára jù nínú wọn kò lè lé adìẹ bá. Kìlómítà méjìlélógójì ni ìdíje ọdọọdún, wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ ni géètì ìparí sì fi ń wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Aránṣọ ló ń gbé àsíá. Yóò sáré fún ìṣẹ́jú méjì, yóò fun fèrè, yóò rìn fún ìṣẹ́jú kan, yóò tún fun fèrè, títí wọn yóò fi dé. Àwọn tó kù á kàn máa tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́rin ló ti ń ṣe é. Ìwé ẹgbẹ́ fi hàn pé lọ́dún tó kọjá, ó ku ìṣẹ́jú kan kí wọ́n ti géètì nígbà tí àsíá rẹ̀ wọlé. Àwọn tó bá a sáré nígbà náà ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, àfi Awakọ̀ nìkan.

Olùkọ́ wọn náà jẹ́ tuntun. Ìlú mìíràn ló ti wá. Wọ́n kàn sọ fún un pé àyè olùkọ́ ṣófo ni. Ó bá bébà kan lára ògiri yàrá tí wọ́n ti ń wọ bàtà, tí ẹnì kan fi ọwọ́ kọ gàdàgbà pé: Ẹni tó gbé àsíá kì í bojú wẹ̀yìn. Olùkọ́ fẹ́ràn bébà yẹn. Bí ẹni iwájú bá bojú wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀ lé e á rò pé àkókò ti lọ, jìnnìjìnnì á sì bò wọ́n.

Gbogbo Sátidé tí wọ́n bá ń dánra wò ni Ìyá Aránṣọ ń bojú wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn fèrè kọ̀ọ̀kan, á yí ọrùn padà, á ní, “Ẹ ka ara yín!” Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí dé ọ̀dọ̀ Aṣebúrẹ́dì tó sanra, tó máa ń kẹ́yìn, tí yóò fi ìwọ̀nba èémí tó kù ún kù pariwo pé, “Oókànlá!” Ní kọ́nà ilé epo, níbi tí ìdíje ti ń ku kìlómítà mẹ́rin, ńṣe ni Ìyá Aránṣọ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

“Ìyá, ta ló ń lé yín ni?” Aṣebúrẹ́dì bi í lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nígbà tí ìdíje ku ọ̀sẹ̀ kan, Olùkọ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Ẹ má bínú, Mà. Wọ́n ní lọ́dún tó kọjá, ẹ ò bojú wẹ̀yìn rárá. Kí ló dé?”

“Ara ti ń dàgbà, ọ̀gá.”

Awakọ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì nítòsí wọn. Ó tẹrí ba, ó ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀.

“Bí ẹ bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje, màá gba àsíá lọ́wọ́ yín. Ẹni tó kọ bébà yìí gan-an ò ní gbà fún yín.”

Ìyá Aránṣọ wo bébà náà pẹ́. “Òótọ́ ni,” ló wí. “Kò ní gbà.”

Ó délé, ó nu bàtà eré rẹ̀, ó sì nu èyí tó tóbi jù ú lọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àsíá yẹn nìkan ló ń gbé e dìde lórí ibùsùn láàárọ̀. Bí wọ́n bá gbà á, kò mọ ohun tí yóò tún máa jí fún.

Lọ́jọ́ ìdíje, ó gbìyànjú. Etí nìkan ló fi ń kà wọ́n. Aṣebúrẹ́dì ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n dúró dè é ní géètì. “Bó pẹ́ bó yá,” ló ń sọ ṣáá, “akólòlò á pe baba!” Wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú àkókò dé kọ́nà ilé epo. Ó fun fèrè.

“Ẹẹ́sàn-án!”

“Ẹẹ́wàá!”

Kò sí ohùn mìíràn.

Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó gbé ìkẹrin. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, gbogbo wọn sì dúró.

Aṣebúrẹ́dì jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó di ẹsẹ̀ mú. “Ẹ máa lọ, Ìyá! Iṣan ló kàn dì. Àkókò ń lọ!”

“Mi ò lọ síbì kankan.”

Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà. Omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣan lásán ni. Awakọ̀ bá a di àsíá mú.

Àwọn méjèèjìlá jọ dé. Wọ́n ti ti géètì láti ìṣẹ́jú mẹ́fà.

“Oṣù mẹ́fà gbáko la fi dánra wò, Mà!” Ohùn Olùkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. “Nítorí iṣan tí ì bá rọ̀ fúnra rẹ̀! Kí ni ẹni tó kọ òfin yẹn máa sọ?”

“Mi ò mọ̀, ọ̀gá,” ló dáhùn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé àsíá fún un.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ òfin náà, òun ló sì kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá. Ní kọ́nà ilé epo ó pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyàwó gbọ́, kò bojú wẹ̀yìn, ó gbé àsíá wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un lọ́wọ́ nígbà tí Awakọ̀ wá sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kú sí ẹ̀bá ọ̀nà.